Ọmọlangidi Ibùsùn Keje

Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba nǹkan jẹ́ rí, gbogbo ẹni tó bá wo nǹkan náà lẹ́ẹ̀mejì ló máa ń jọ ọ̀tá lójú rẹ̀. Bó ṣe rí fún mi nìyẹn lọ́sẹ̀ tí mo fi sùn sí wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé pẹ̀lú ọmọbìnrin mi àgbà, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Ó ti pẹ́. Irun orí mi ṣì dúdú nígbà náà, mi ò sì tíì fi ilé sílẹ̀.

Iṣẹ́ káfíńtà ni mò ń ṣe. Orí tábìlì iṣẹ́ mi lọ́mọ náà ti jábọ́, níbi tí èmi fúnra mi gbé e jókòó sí kí ìṣó má baà gún un lẹ́sẹ̀. Eegun ojúgun rẹ̀ ti òsì dá. Ẹlòmíì ì bá gbé e sáré lọ sí ọsibítù. Èmi wò ó, mo sọ nínú ara mi pé ṣebí nǹkan tó ṣẹ́ ni mò ń tò láti kékeré. Mo fá pákó pẹlẹbẹ méjì, mo fi sáńpépà dán wọn títí wọ́n fi jọ̀lọ̀, mo fi àkísà dì wọ́n mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Mo di ojú kan, mo fi ìkejì wò ó bí a ṣe ń wo etí pákó. Ó tọ́. Ìgbà tí mo máa tú u, eegun ti so, ó sì ti so ní wíwọ́. Igi máa ń dúró síbi tí èèyàn bá dè é sí. Eegun ní ẹni tó ni ín, ẹni náà sì máa ń yí padà lójú oorun.

Nígbà tí dókítà bi wá pé ta ló dì í, mo ní ẹnì kan ládùúgbò ni. Ìyàwó mi wò mí láti ẹ̀gbẹ́, kò sọ nǹkan kan. Ì bá sàn kó sọ̀rọ̀. Ọmọ náà wà lórí itan rẹ̀, ó ń gbọ́ wa.

Dókítà eegun yìí kì í gbé ọsibítù náà. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta ló ń wá, kò sì ní pẹ́ tó fi máa lọ. Ó ní òun máa gé eegun náà níbi tó ti so, òun á sì tún un tò. Tó bá di ìgbà tí òun tún máa wá, eegun á ti le sí i, ẹsẹ̀ kan á ti kúrú ju èkejì lọ, òun ò sì ní lè ṣèlérí nǹkan kan mọ́. Mo fọwọ́ síwèé. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n mú fún wa, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà kò tó, wọ́n ní ká ti wọlé láti Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tá a wà yẹn kó lè máa lo oògùn.

Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ nígbà náà, kò tíì lè jáde. Èmi ni mo gbé ọmọ, mo gbé àpò aṣọ, mo sì gbé àpò irinṣẹ́ mi kọ́ èjìká, torí mi ò kì í fi í sílẹ̀ sẹ́yìn. Ibùsùn méjìlá ló wà ní wọ́ọ̀dù náà, ìyá mọ́kànlá, bàbá kan. Kílẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti sọ mí ní Ìyá Wa Ọkùnrin.

Ẹni tó sọ mí lórúkọ yẹn ni obìnrin aránṣọ tó wà ní ibùsùn kẹfà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Nǹkan kan ń yọ bọ́ńbọ́ lábẹ́ ìdodo ọmọkùnrin rẹ̀, wọ́n fẹ́ bá a dá a padà sínú. Màmá Aránṣọ ni gbogbo wa ń pè é. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó wo irun tí mo dì fún ọmọ mi títí, ó ní, "Ìyá Wa Ọkùnrin, ṣé gọ́ọ̀mù lẹ fi lẹ̀ ẹ́ ni àbí ẹ kàn án níṣòó?" Ó tú u, ó tún un dì. Bí a ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì náà ni mo kọ́kọ́ rí obìnrin tí wọ́n ń pè ní Àǹtí Eléré. A kọ́kọ́ gbọ́ ọ ná. Kẹ̀kẹ́ kékeré onítáyà mẹ́rin ló ń tì bọ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, táyà kan nínú rẹ̀ sì ń ké bí eku. Ọwọ́ mi yún mi. Òróró ẹ̀kán méjì péré ló ń wá. Mo ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọ ti dìde jókòó kó tó dé ẹnu ọ̀nà.

Kò wọ aṣọ nọ́ọ̀sì. Épírọ́ọ̀nù alápò ńlá méjì ló so, ìwé kékeré kan sì wà nínú àpò kan. Bọ́ọ̀lù rọ́bà, búlọ́ọ̀kù onígi, kíréyọ̀nù àti ìwé àwòrán wà lórí kẹ̀kẹ́ náà, ó sì tún ní ìbòmú gidi bíi ti yàrá iṣẹ́ abẹ, abẹ́rẹ́ gidi tí wọ́n ti yọ irin ẹnu rẹ̀, àti báńdéèjì. Èyí ló kọ́kọ́ kọ mí lóminú. Ta ló ń kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún ọmọdé ṣeré? Ilẹ̀ ló máa ń jókòó sí, á bi ọmọ ní ìbéèrè, á sì dákẹ́ títí ọmọ á fi dáhùn. Bí ìyá kan bá fẹ́ bá ọmọ rẹ̀ dáhùn, á ní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà á fa ìwé kékeré yẹn yọ, á kọ nǹkan sí i.

Gbogbo ọmọ tuntun ló ń fún ní ọmọlangidi kan, aṣọ funfun tí wọ́n ki òwú sí nínú, kò lójú, kò nímú, kò lẹ́nu. Ọmọ ló máa ya ojú sí tirẹ̀. Tèmi ya ojú méjì rìbìtì àti irun, ó dáwọ́ dúró. Mo ní ẹnu rẹ̀ ńkọ́? Ó ní ọmọ òun kò lẹ́nu, ó ń pa àṣírí mọ́ ni. Àǹtí Eléré gbé ojú sókè wò mí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Mo yí ojú kúrò.

Màmá Aránṣọ gba ọmọlangidi ti ọmọkùnrin rẹ̀, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó fi èékánná tọ ojú ọ̀nà rírán tó wà níkùn rẹ̀. Ó ní wọ́n ti tú ibẹ̀ yẹn rán ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ, àti pé ẹni tó rán an kì í ṣe àgbà. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó bi mí pé kí ni wọ́n ń kó síbẹ̀ tí wọ́n tún ń kó jáde. Mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn la ti ń ṣọ́ obìnrin náà, káfíńtà lápá kan, aránṣọ lápá kejì.

Ẹni tó bá ń ṣọ́ nǹkan kò ní ṣaláìrí nǹkan. Lọ́jọ́ kẹta, ọmọ ibùsùn kẹta gbé ọmọlangidi rẹ̀ dání, báńdéèjì wà lọ́rùn rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n wá fi ibùsùn onítáyà gbé ọmọ náà lọ, ìgbà tí wọ́n gbé e padà, kò lè sọ̀rọ̀, ọ̀fun ni wọ́n ṣe fún un. Ó tún kan ibùsùn kẹsàn-án: báńdéèjì wà lápá ọmọlangidi lónìí, wọ́n ti gbé ọmọ lọ lọ́la, apá náà ni wọ́n là. Màmá Aránṣọ ní ó lè ṣèèṣì. Mo ní bí ìṣó méjì bá bára wọn mu lórí ìlà, kí a dúró de ẹ̀kẹta.

Ẹ̀kẹta ni ibùsùn kìíní. Ọmọ kan tó tín-ín-rín ló wà níbẹ̀, kì í sọ̀rọ̀ sókè, tó bá rìn dé ẹnu ọ̀nà á dúró mí. Àyà ni báńdéèjì ọmọlangidi tirẹ̀ wà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì wọ́n gbé e lọ, òun àti ìyá rẹ̀. A ń retí wọn lọ́sàn-án, a ò rí wọn. Nígbà tó yá, obìnrin tó ń nu ilẹ̀ wá ká aṣọ ibùsùn kúrò, ó fi oògùn nu rọ́bà fóòmù, ó kó ife àti bàtà wọn sínú àpò. Ọmọlangidi náà nìkan ló ṣẹ́ kù lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú báńdéèjì láyà, ó ń wo gbogbo wa. Mo bi nọ́ọ̀sì kan pé ọmọ ibẹ̀ ńkọ́. Ó ní, "A ti gbé e kúrò," ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn ìyá ti ń gbé ọmọ wọn sórí ẹsẹ̀ tí táyà yẹn bá ti ń ké bọ̀.

Ọjọ́ Ajé ni mo ka ìwé Àǹtí Eléré. Mi ò ní purọ́, mo ti ń wá àyè rẹ̀. Ọmọ kan bì sí i lára, ó bọ́ épírọ́ọ̀nù lé kẹ̀kẹ́, ó lọ fọwọ́. Ìwé náà yọ orí jáde nínú àpò. Mo ṣe bí ẹni tó ń wo táyà tó ń ké, mo ṣí i. Nọ́ńbà ibùsùn ni, nọ́ńbà kan pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ṣókí. Ẹ̀kẹta: ó ti mọ̀, ó ti gbà. Ẹ̀kẹsàn-án: ó ti gbà. Ìkíní: ó ti gbà, ó ní kí n máa wá sókè. Mo wá ọ̀dọ̀ wa. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé: Ìkeje. Ọmọ ò tíì mọ nǹkan kan. Bàbá ń ṣọ́ mi.

Mo ti ìwé padà sínú àpò. Nígbà tó dé, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó bi mí bóyá mo lè tún táyà náà ṣe. Mo ní rárá. Irọ́ ni mo tún pa, àmọ́ mi ò ka èyí mọ́ irọ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun mo lọ pọn omi gbígbóná fún tíì. Ìgbà tí mo dé, Àǹtí Eléré ti jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn keje, ọmọ mi sì gbé ọmọlangidi rẹ̀ sí itan. Igi pẹlẹbẹ méjì, irú èyí tí dókítà fi ń tẹ ahọ́n mọ́lẹ̀ wo ọ̀fun, wà ní ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ òsì ọmọlangidi náà, ọ̀kan lápá ìhín, ọ̀kan lápá ọ̀hún, ọmọ mi ti fi báńdéèjì dì wọ́n pọ̀. Bí mo ṣe dì í ló ṣe dì í. Kódà ó ta kókó síbi tí mo ta á sí.

Mo gbé ife tíì kalẹ̀. Ohun méjì ló kọ lù mí lẹ́ẹ̀kan náà, pé obìnrin yìí ti fi eré gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ mi, àti pé báńdéèjì ti dé ibùsùn wa. Mo ní kó dìde. Mo ní kó má dé ọ̀dọ̀ wa mọ́.

Kò bá mi jiyàn. Ó dìde, ó gbọn ìdí, ó rìn sún mọ́ mi kí ọmọ má baà gbọ́. "Bàbá, Ọjọ́bọ̀ ti sún mọ́lé. Ta ló máa sọ fún un?"

Mo ní, "Èmi ni mo bí i."

"Ẹ̀yin lẹ bí i lóòótọ́. Ta ló máa sọ fún un?"

Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, wọn kì í sọ ọ̀rọ̀ abẹ létí ọmọdé. Wọ́n á ní à ń lọ kí ẹnì kan ni, ìgbà tí ọmọ bá fi máa mọ̀, ó ti parí. Bí wọ́n ṣe ṣe fún èmi náà nìyẹn nígbà tí wọ́n yọ nǹkan lọ́rùn mi. Mi ò kú.

Nígbà tí ọmọ mi lọ tọ̀, mo mú ọmọlangidi náà, mo ki í bọ àpò irinṣẹ́ mi, mo fa okùn ẹnu àpò. Ó dé, ó wá a lábẹ́ ìrọ̀rí, ó wá a lábẹ́ ibùsùn. Mo ní ó ti ṣáájú wa lọ sílé. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó wò mí. Ó ní, "Pẹ̀lú ẹsẹ̀ yẹn?"

Ọjọ́rú ló kan ọmọkùnrin Màmá Aránṣọ. Báńdéèjì ti wà ní ikùn ọmọlangidi rẹ̀ láti àná, ìyá rẹ̀ kò sì lè tú u, torí ọmọ náà ní òun lòun so ó. Nígbà tí àwọn ọkùnrin méjì tó ń ti ibùsùn onítáyà dé, mo rò pé á ké. Ó fúnra rẹ̀ gun orí ẹ̀ ni. Ó ń ṣàlàyé fún wọn bí ìbòmú ṣe máa ń rùn, pé bíi bàtà rọ́bà tuntun, àti pé òun lè kà dé ẹẹ́jọ kí òun tó sùn. Mo sọ fún ara mi pé wọ́n ti fún ọmọ náà ní nǹkan mu. Lọ́sàn-án wọ́n gbé e padà. Ó béèrè omi, ó gbé aṣọ sókè, ó fi ikùn ara rẹ̀ wé ti ọmọlangidi, ó ní ibi kan náà ni.

Màmá Aránṣọ kọjú sí mi. Ó ní àwọn ọmọ ló ń tú ikùn ọmọlangidi wọ̀nyẹn, tí wọ́n ń rán an, ọmọ òun ló sọ fún òun. Abájọ tí rírán náà fi rí wúruwùru. Ó ní, "Ìyá Wa Ọkùnrin, ẹ dá ọmọ ọlọ́mọ padà fún un." Mo sọ lọ́kàn mi pé wọ́n ti rí òun náà mú. Ó wá ku èmi nìkan.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ wọ́n gbé páálí kan kọ́ ẹsẹ̀ ibùsùn wa, pé ọmọ yìí kò gbọ́dọ̀ jẹ, kò gbọ́dọ̀ mu. Àwọn yòókù ń jẹ búrẹ́dì. Ọmọ mi bi mí bóyá ilé là ń lọ. Mo ní wọ́n kàn fẹ́ wọn ìwọ̀n rẹ̀ ni. Ó ronú sí i, ó ní, "Ṣé èèyàn kì í jẹun kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n?" Mo ní rárá. Ó dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ló yẹ kí n ti bẹ̀rù.

Ìgbà tó rí ibùsùn onítáyà tó ń bọ̀, ó ti mọ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di irin ibùsùn mú. Ọmọ ọdún mẹ́fà, ẹni tó kéré tó báyìí, àgbà ọkùnrin méjì kò lè tú ọwọ́ rẹ̀ láìṣe é léṣe. Kò ké. Ohun kan náà ló ń sọ ṣáá: "Ṣé ibi tí ẹ ní ọmọ mi lọ nìyẹn?" Mo bẹ̀ ẹ́, mo ṣèlérí bàtà fún un, mo bá a wí. Ó sọ ojú sílẹ̀ bí ẹni tí kò gbọ́ èdè mi.

Wọ́n ránṣẹ́ pe dókítà. Ó jáde wá pẹ̀lú fìlà tó fi ń ṣiṣẹ́ lórí. Ó wo ọwọ́ ọmọ lára irin, ó ní òun ò ní fi ipá mú ọmọ sùn. Ọmọ tó bá bá ẹ̀rù sùn, ẹ̀rù ló máa bá jí, kò sì ní jẹ́ kí wọ́n tọ́jú ẹsẹ̀ náà lẹ́yìn náà. Ó wo aago. Wákàtí kan ló kù fún wa, ẹlòmíì wà lẹ́yìn wa, ọ̀la lòun ń lọ. Bí kò bá bọ́ sí i, ó di oṣù mẹ́ta.

Mo rí ẹsẹ̀ náà nígbà yẹn bí ó ṣe máa rí: bó ṣe máa tiro títí ayé, bàtà kan tó máa ga ju èkejì lọ, ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ mi. Táyà yẹn sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké lọ́nà ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Mo rò pé ó wá yọ̀ mí ni. Ó dúró sí ẹsẹ̀ ibùsùn, kò tiẹ̀ wo ọmọ, èmi ló wò. "Bàbá, níbo ni ọmọ rẹ̀ wà?"

Kò sí ibi tí mo fẹ́ sá sí. Mo tú okùn ẹnu àpò irinṣẹ́, mo fa ọmọlangidi náà yọ láàárín òòlù àti ayùn. Ìyẹ̀fun igi ti bo ojú méjèèjì tí ọmọ mi yà. Ọmọ náà wo àpò, ó wo ọmọlangidi, ó wò mí. Ojú tó fi wò mí yẹn, mo ti rí i tẹ́lẹ̀. Òun ni mo fi ń wo Àǹtí Eléré láti ọ̀sẹ̀ kan.

Mo bẹ obìnrin náà pé kó bá mi sọ fún un. Ó mi orí. Ó ní, "Tí èmi bá sọ ọ́, ẹ̀yin ló tún máa bi léèrè."

Mo jókòó sílẹ̀, níbi tí òun máa ń jókòó sí. Mo sọ fún ọmọ mi pé èmi ni mo di ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ó ní, "Mo mọ̀. Ṣebí mo wà níbẹ̀." Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ sọ fún dókítà pé ẹnì kan ládùúgbò ni."

Dókítà ń gbọ́. "Irọ́ ni mo pa," ni mo wí. "Èmi ni mo dì í, mi ò dì í dáadáa."

Mo rán an létí àga kan tí mo fi gọ́ọ̀mù tò ní wíwọ́ lọ́dún tó kọjá, tí mo ní láti tún ya ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò kí n tó lè tò ó tọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni dókítà fẹ́ ṣe sí ojúgun rẹ̀, pé abẹ á kàn án, á sì dùn ún nígbà tó bá jí, kì í ṣe kó tó jí. Ó bi mí bóyá àga náà ké. Mo ní àga kì í ké, igi ni. Ní tirẹ̀, wọ́n máa kọ́kọ́ mú un sùn.

Ó tú ọwọ́ kan lára irin, ó na ìka sí ibùsùn onítáyà. "Ẹ dùbúlẹ̀ síbẹ̀."

Mo gun orí ẹ̀. Ẹsẹ̀ mi yọ jáde níwájú, pẹ̀lú bàtà iṣẹ́. Mo gbọ́ Màmá Aránṣọ tó ní Ìyá Wa Ọkùnrin ti bọ́ síkàáwọ́ ọmọ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi sọ̀ kalẹ̀, ó tiro wá, ó gba ìbòmú lọ́wọ́ Àǹtí Eléré, ó fi bò mí nímú. Ó ń rùn bíi bàtà rọ́bà tuntun lóòótọ́. Ó ní kí n máa kà. Mo ka ení, èjì, ẹ̀ta. Ní ẹ̀rin ó ní mo ti sùn, kí n dákẹ́. Mo di ojú. Mo gbọ́ tó ń ká ṣòkòtò mi sókè. Igi pẹlẹbẹ méjì kan ojúgun mi, báńdéèjì ń yí i po. Ó dì í le ju bí mo ṣe dì í fún un lọ.

Mo wà lójú dídì nígbà tó bi Àǹtí Eléré ní ìbéèrè kan tí mi ò tíì gbàgbé. Ó ní, "Ṣé òótọ́ ni gbogbo ohun tí Bàbá sọ?" Mi ò gbọ́ ìdáhùn. Bóyá orí ló fi dáhùn. Mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ mi tó. Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀, mo ń retí ìdájọ́.

Ó ní, "Ẹ jí."

Ó fi bírò ya ẹnu sí ọmọlangidi náà, ìlà kan péré. Ó ní kí n bọ́ sílẹ̀ kí òun ráyè. Wọ́n tì í lọ, mo ń bá wọn rìn, báńdéèjì ṣì wà lẹ́sẹ̀ mi. Lẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ, wọ́n dá mi dúró. Ó gbé orí sókè.

"Ẹ dúró síbí o, Bàbá. Ẹ má lọ sí àdúgbò."

Àǹtí Eléré bá mi jókòó lórí bẹ́ǹṣì títí wọ́n fi jáde. Ó ní iṣẹ́ tí ọsibítù gbà òun fún nìyẹn, kí òun fi eré jẹ́ kí ọmọ mọ ibi tí abẹ máa kàn án kó tó dọjọ́ náà. Mo jẹ́wọ́ fún un pé mo ka ìwé rẹ̀. Ó ní òun mọ̀, torí mo kọ ẹ̀yìn ìwé náà síwájú nígbà tí mo dá a padà. Ó ní ẹni tó bá ń ṣọ́ òun, òun mọ̀ pé nǹkan kan ń bà á lẹ́rù, òun sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí òun má baà gbàgbé pé aláìsàn méjì ló wà ní ibùsùn keje. Mo bi í nípa ibùsùn kìíní. Ó mú mi gun àtẹ̀gùn lọ sí wọ́ọ̀dù òkè, ó fi hàn mí láti ẹ̀yìn gíláàsì. Ọmọ tín-ín-rín yẹn jókòó, ó ń kun àwòrán. Àǹtí Eléré ní wọn kì í jẹ́ kí aṣọ tí wọn kò tíì sè wọ ibẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọmọlangidi fi dúró sísàlẹ̀. Ó ní òun máa ń gòkè wá lójoojúmọ́.

Ẹsẹ̀ náà tọ́. Ó gba oṣù mélòó kan, ṣùgbọ́n ó tọ́. Ohun tó pẹ́ jù ú lọ ni ọ̀rọ̀ ẹnu mi. Ní gbogbo ìyókù ọjọ́ tá a lò ní wọ́ọ̀dù náà, bí mo bá sọ pé ọ̀la là ń lọ sílé, tàbí pé oògùn yìí kò korò, ọmọ mi á kọ́kọ́ yí ojú sí Àǹtí Eléré kó tó gbà. Mi ò bínú. Kí a tó lọ mo kán òróró sí táyà yẹn láti fi dúpẹ́. Lọ́jọ́ kejì ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n nù ún kúrò. Ó ní òun mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni, kí ọmọ kankan má baà rí òun lójijì.

Ilẹ̀ tí mo wà báyìí jìn sí ibẹ̀. Àwọn tó mọ̀ mí ní Ìyá Wa Ọkùnrin kò sí ládùúgbò mi, bóyá ọ̀pọ̀ wọn kò tiẹ̀ sí mọ́. Ọmọ mi ti lọ́mọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó pè mí, mo ní ọsibítù ni mo wà, àyẹ̀wò lásán ni.

"Bàbá, ṣé wọ́n ti ní kí ẹ má jẹun?"

Mo rẹ́rìn-ín, kò bá mi rín in. Ó ní níbo lára ọmọlangidi. Mo ní orúnkún ọ̀tún. Ó ní ìgbà wo. Mo ní ọ̀la, láàárọ̀.

"Ẹ fún nọ́ọ̀sì ní fóònù yẹn," ló wí, "kí n bi í bóyá òótọ́ ni."

Mo na fóònù náà sí nọ́ọ̀sì.